Aago Kan Ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi

Òórùn jẹ́ẹ̀sì tútù ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi lọ́kàn tí mo bá rántí àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Mọ́kànlá ni wọ́n, aláwọ̀ ewé, wọ́n á wà lórí okùn tí ìyàwó mi ta sókè báàfù nílé wa ní Woolwich Dockyard, ní London. Omi á máa kán lára wọn títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹni tó bá sì fẹ́ wẹ̀ ní láti fi orí la àárín wọn kọjá. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni ìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti ibẹ̀ dé lọ́jọ́ Ajé, kò ní sinmi kó tó kúnlẹ̀ ti báàfù náà, kó máa fi búrọ́ọ̀ṣì ha ẹrẹ̀ pápá Thamesmead kúrò lára aṣọ àwọn àgbàlagbà ọkùnrin tí wọ́n ní ìyàwó tiwọn nílé. Mo sọ fún un lẹ́ẹ̀kan pé kí kálukú máa fọ tirẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Daddy, tí kálukú bá mú tirẹ̀ lọ sílé, ẹ rò pé mọ́kànlá ló máa padà wá?"

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ni àwọn jẹ́ẹ̀sì náà. Ẹgbẹ́ mẹ́jọ ló wà nínú líìgì kékeré tí a dá sílẹ̀ láàárín ara wa ní ìparí àwọn ọdún 1980. Méje jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà láti Woolwich, Plumstead àti Thamesmead, ìkẹjọ sì jẹ́ ti àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni wá, agbálẹ̀ ọ́fíìsì, nọ́ọ̀sì, mẹkáníìkì. Pápá káńsù kan ní Thamesmead la ti ń gbá a, níbi tí afẹ́fẹ́ odò Thames ti lè gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ èèyàn kó sì gbé e lọ ibi tó wù ú. Èmi ni akọ̀wé líìgì náà. Mo ti gba oyè yunifásítì kí n tó kúrò nílé, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì ni mo ń tà lẹ́yìn gíláàsì ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Woolwich Arsenal, àwọn tí mo sì ń tà á fún kì í wojú mi. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni mo máa ń di èèyàn. Mo ní fáìlì, mo ní bírò pupa, mo ní fèrè kan lọ́rùn tí n kì í fọn, nítorí èmi kọ́ ni rẹfirí. Bí ìyàwó mi bá rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, á pariwo pé, "Ẹ yà lọ́nà o, Akọ̀wé Àgbáyé ń bọ̀!" Àwọn obìnrin yòókù á bú sẹ́rìn-ín. Èmi á fajú ro bí ẹni pé n kò fẹ́ ẹ, inú mi á sì máa dùn.

Òfin méjì péré ló ṣe pàtàkì nínú líìgì náà. Èkíní ni pé eré kò ní bẹ̀rẹ̀ títí ìsìn àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì yóò fi parí. Èkejì ni pé àwọn obìnrin ẹgbẹ́ tó gbàlejò ni yóò se oúnjẹ, àwọn àlejò ni yóò sì kọ́kọ́ jẹ, ì báà jẹ́ pé wọ́n borí tàbí wọ́n fìdí rẹmi. Ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù táyà ní Nathan Way ni ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, ìsìn wa kì í sì í parí kí aago méjì tó lù. Nígbà mìíràn a ti máa ṣe oore-ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ kí Ẹ̀mí tó gbé ẹnì kan, a ó sì padà jókòó. Àwọn tó fẹ́ bá wa gbá bọ́ọ̀lù á ti wà lórí pápá, wọ́n á máa na ẹsẹ̀, wọn kò ní bínú, torí pé ó lè kan àwọn náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí a bá dé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa á bọ́ sùtánà funfun wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, jẹ́ẹ̀sì á ti wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn obìnrin á sì gba sùtánà náà, wọ́n á ká a. Igun pápá tó wà lápá òsì, nítòsí àsíá, ni ìyàwó mi máa ń dúró sí pẹ̀lú kúlà oúnjẹ, torí pé afẹ́fẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ le níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni yóò ti máa bá gólì wa wí bí ẹni pé òun ló bí i. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ó tún padà wá, kí la fẹ́ fi fọ́tò ṣe?

Nígbà tó yá, àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńláńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde kúrò nínú líìgì àtijọ́ wọn, wọ́n dá tuntun sílẹ̀, tẹlifíṣọ̀n sátẹ́láìtì sì ra ẹ̀tọ́ láti máa fi eré wọn hàn ní iye tó ya gbogbo èèyàn lẹ́nu. Mo ń ka gbogbo rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn tí àwọn èrò bá gbàgbé sórí bẹ́ǹṣì ní ibùdó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ ìfihàn nídìí oúnjẹ alẹ́ bí ẹni pé èmi náà wà nínú ìpàdé wọn. Láàárín àkókò yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n oníwáyà kan ń gbẹ́ gbogbo ojú ọ̀nà Thamesmead láti ri wáyà mọ́lẹ̀. Wọ́n fẹ́ ya ìkànnì kan sọ́tọ̀ fún àwọn ará àdúgbò. Mo kọ lẹ́tà sí wọn. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo kọ ọ́, àfi ìyàwó mi, tó ní mo kọ ọ́ dáadáa.

Òyìnbó kan wá wò wá lọ́jọ́ Ìsinmi kan. Ó dé ní aago kan, a sì bẹ̀rẹ̀ eré ní nǹkan bí aago mẹ́ta kù díẹ̀. Ìyàwó mi bu ìrẹsì fún un, ó jẹ ẹ́ tán, ó gbẹ́nu sókè gba afẹ́fẹ́ nítorí ata, ó sì ní kí wọ́n bu sí i. Ó gbádùn wa ní tòótọ́. Nígbà tó ń lọ, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní ìkànnì àwọn lè máa fi eré kan hàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn á fún wa ní jẹ́ẹ̀sì tuntun àti nẹ́ẹ̀tì, àwọn á sì máa fún wa ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò eré kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n kò lè máa dúró de ìwàásù. Eré gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní aago kan géérégé, ẹgbẹ́ tí kò bá lè ṣe é kò ní sí níbẹ̀.

Pálọ̀ mi la ti ṣèpàdé. Ẹgbẹ́ márùn-ún lè dé ní aago kan. Àwọn mẹ́ta kò lè dé: àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, tí wọ́n ń kí ìrun ọ̀sán pa pọ̀ ní àkókò náà, ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní Plumstead, àti ṣọ́ọ̀ṣì tèmi gan-an. Alága wa, tó jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì tó tóbi jù, ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ará, ṣé a fẹ́ kí ayé rí wa ni, àbí a fẹ́ máa jẹ ìrẹsì nínú afẹ́fẹ́? Aago méjìlá báyìí, àwa ti parí ìsìn, a ti gbálẹ̀. Kí ló ń gba àkókò yín gan-an?"

Kápútẹ̀nì ẹgbẹ́ wa, tó ń wa bọ́ọ̀sì, dìde. Èmi ló wò, kò wo alága. "Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ṣé kí n lọ sọ fún Ẹ̀mí Mímọ́ pé kámẹ́rà ti dé ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àwọn tó ń lọ àti àwọn tí a fẹ́ fi sílẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà, ẹgbẹ́ márùn-ún nawọ́ pé àwọn yóò dá líìgì tuntun sílẹ̀. Alága wá yíjú sí mi. Orúkọ mi ló wà lórí ìwé àṣẹ tí káńsù fún wa láti máa lo pápá, nítorí èmi ni akọ̀wé. Ó béèrè pé ọ̀dọ̀ ta ni ìwé pápá ń lọ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó, ṣùgbọ́n mo ti rò ó tán. Ó ti lé lọ́sẹ̀ kan tí mo ti ń rò ó.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìyàwó mi jáde láti kíṣìnnì. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn kọ́ọ̀bù.

"Daddy, ẹ máa bá wọn lọ tó bá wù yín. Mi ò ní dá yín dúró. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìwé pápá sílẹ̀ fún àwọn tó kù."

Mo ní òyìnbó náà fẹ́ràn pápá yẹn nítorí àwọn ilé gogoro tó wà lẹ́yìn rẹ̀, pé wọ́n á dára nínú fídíò.

"Ẹ̀yin ti ní tẹlifíṣọ̀n. Pápá wo ni wọ́n máa fi dù yín? Àwọn wọ̀nyí ò ní nǹkan kan ju ibẹ̀ yẹn lọ. Nǹkan tí mo ń bẹ̀ yín fún ò ju ìyẹn náà lọ."

Mo ní ohun tí mo ń ṣe, nítorí gbogbo wa ni mò ń ṣe é, pé lọ́jọ́ kan àwọn ọmọ wa á máa wò wá. Ó dúró pẹ̀lú kọ́ọ̀bù lọ́wọ́ bí ẹni ń retí pé mo ṣì ní ọ̀rọ̀ mìíràn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo ti gbọ́, sà." Kò pè mí ní sà rí láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra. Lọ́jọ́ Jímọ̀ mo lọ sí káńsù, mo fi orúkọ líìgì tuntun rọ́pò ti àtijọ́ lórí ìwé náà. Kò gbà mí tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí a kọ́kọ́ ya fídíò, mo ní láti jáde kúrò nínú ìsìn ní aago méjìlá àbọ̀. Ẹnu ọ̀nà la máa ń bọ́ bàtà wa sí. Mo lóṣòó níbẹ̀ nínú sùtánà, mo ń wá bàtà mi láàárín bàtà gbogbo ìjọ, ìjọ ń kọrin, n kò rí ẹsẹ̀ kejì. Nígbà tí mo gbójú sókè, ìyàwó mi ń wò mí láti àárín akọrin. Kò dákẹ́ orin. Ó kàn fi ojú tọ́ka sí abẹ́ àga kan, mo wo ibẹ̀, mo sì rí bàtà náà.

Eré bẹ̀rẹ̀ ní aago kan géérégé. Mo wọ kóòtù, wọ́n fi kámẹ́rà hàn mí, mo sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn eré, kò sí oúnjẹ, torí pé ìyàwó mi ló ń ṣètò àwọn obìnrin gbogbo ẹgbẹ́, kò sì sẹ́ni tó rántí pé ẹnì kan ń ṣètò wọn. Àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ ra ẹja díndín àti ṣípùsì, wọ́n jẹ ẹ́ nínú mọ́tò, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe jẹun ní gbogbo ìgbà tó kù.

Àwọn ẹgbẹ́ mẹ́ta yòókù rí ilẹ̀ koríko kan tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ́bàá odò kékeré kan. Ìyàwó mi gbé kúlà tọ̀ wọ́n lọ níbẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, òtútù padà, wọ́n ń dín kù, títí wọn kò fi lè pé mọ́kànlá mọ́. Lọ́jọ́ Ajé kan mo wọ báàfù láti wẹ̀, okùn náà sì ṣófo. Ó ti ká àwọn jẹ́ẹ̀sì náà sínú báàgì, ó ti gbé e sókè kọ́bọ́ọ̀dù. Mo wẹ̀, mo jáde.

Líìgì tuntun náà kò pé ọdún méjì. Ilé iṣẹ́ tó tóbi jù ú lọ ra ilé iṣẹ́ oníwáyà náà, wọ́n sì pa ìkànnì àdúgbò rẹ́. Ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ni lẹ́tà tí wọ́n fi sọ fún mi. Ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn ẹgbẹ́ márùn-ún ti ń jà lórí eré ta ni kámẹ́rà máa ń wá yà jù. Mo padà sí ìjókòó mi ní Nathan Way, mo ń dúró títí ìsìn fi ń parí. Kápútẹ̀nì wa ń kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìyàwó mi kò fi ọ̀rọ̀ náà gún mi lára rí. A bímọ kan sí i, a kúrò ní Dockyard, ayé wa tutù. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, ilé àwọn àgbàlagbà tó ń tọ́jú ló máa ń lọ, èmi á wà nílé. Kò sì tún pè mí ní Akọ̀wé Àgbáyé mọ́. Ó lé lógún ọdún tí mo fi ń retí pé orúkọ náà yóò bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lójijì lọ́jọ́ kan, bóyá nígbà tí a bá ń ṣeré. Mo lè tọrọ àforíjì. Gbólóhùn kan ni. Mo máa ń rò pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ jù láti hú jáde.

Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí tó kú. Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin wa rí àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà nínú páálí, ó gbé wọn lọ fún àwọn tó lè sọ wọ́n di ohun tí a lè wò lórí kọ̀ǹpútà. Mo ti wo gbogbo wọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò sì lè ka iye ìgbà mọ́. Gbogbo wa la wà níbẹ̀. Alága ń jùwọ́, ọkùnrin kan tó sanra díẹ̀ nínú kóòtù ń ṣàlàyé líìgì bí ẹni pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló ti ń sọ̀rọ̀. Àwọn ilé gogoro náà dára lẹ́yìn wa lóòótọ́.

Ọmọ mi bá mi nídìí rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ti dá àwòrán náà dúró níbi tí ẹnì kan ti fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé láti igun pápá, lápá òsì.

"Daddy, kí lẹ̀ ń wò níbẹ̀? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Mo wo igun náà dáadáa. Àsíá wà níbẹ̀, koríko wà níbẹ̀, kúlà oúnjẹ ni kò sí, a sì rí i pé afẹ́fẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ le níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ní bọ́ọ̀lù ni mò ń wò.