Àdúrà Tí Mo Lọ Gbà Wá ní Ọ̀nà Atakpamé

Àkùkọ kò tíì kọ nígbà tí mo jáde nílé ní Abẹ́òkúta, inú mi sì ń dùn débi pé mo gbàgbé búrẹ́dì mi sórí tábìlì. Èmi tí mo ń dá ya fídíò, tí mo jẹ́ ọ̀gá, ọmọṣẹ́ àti alábàárù ara mi, ni wọ́n rán lọ sí Tógò. Àǹtí Afí, aránṣọ àdúgbò wa, ló rán mi. Ọmọ Ifẹ̀ ni wọ́n, Ifẹ̀ ti agbègbè Atakpamé, kì í ṣe tiwa. Dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n.

"Ṣẹ́gun, etí ìyá mi kò gba fóònù mọ́," ni wọ́n wí. "Bá mi lọ gba àdúrà wá lẹ́nu rẹ̀. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn mí láì gbọ́ ọ. Ohùn ìyá mi nìkan ni mo fẹ́ o. Má kó ariwo sí i."

Báàgì kan péré ni mo gbé. Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ kó ju ohun tó lè gbé sáré: kámẹ́rà, ẹsẹ̀ mẹ́ta tó ń dúró lé, máìkì kékeré tí à ń há mọ́ aṣọ, íápíìsì, kọ̀ǹpútà kékeré, bátìrì àti káàdì tó tó. Láti Kútọnu dé Lomé, orí itan mi ló wà bí ọmọ tuntun.

Atakpamé wù mí. Òkè lórí òkè, ilé lórí ilé, bíi pé ẹnì kan gbé Abẹ́òkúta wá síbẹ̀ tó sì gbàgbé Olúmọ sílé. Mo ra fùfú ní gáréèjì ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sẹ́fà, àṣé iyán ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Bí mo ti ń jẹun ni mo ń gba iná sí bátìrì, nítorí Kọ́fí, àbúrò Àǹtí Afí tó wá pàdé mi, ti sọ pé iná abúlé àwọn kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ọ̀kadà akérò ló ń gùn, sẹ́mí lorúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ó gbé mi gba ọ̀nà Àníyè lọ sí abúlé wọn, eruku pupa kún ẹnu mi, síbẹ̀ mi ò yé rẹ́rìn-ín.

Màmá kí mi ní "woezɔ", bí àwọn Ewe ṣe ń kí àlejò káàbọ̀. Omi ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi. Níbẹ̀, àlejò gbọ́dọ̀ mumi kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó gbé e wá. Ifẹ̀ wọn yé mi ju ìdajì lọ, Kọ́fí sì ń tú èyí tó kù. Mo há máìkì mọ́ aṣọ Màmá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

Nígbà tí mo fi íápíìsì sétí lẹ́yìn náà láti gbọ́ ohun tí mo gbà, mo rí àṣìṣe mi. Àgbàlagbà ń ṣàdúrà, èmi ọmọ Yorùbá ò lè panu mọ́. Kí Màmá tó sọ ibi tí ẹsẹ̀ Afí yóò gbé e dé, "Àmín" tèmi ti bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí látòkè délẹ̀.

A tún un ṣe. Mo fi eyín mú ètè, mo kàn ń mi orí. Màmá dákẹ́, wọ́n wò mí.

"Kọ́fí, ṣé àlejò yìí ò fẹ́ kí ẹsẹ̀ Afí san ni?"

"Non, Màmá. Ẹ̀rọ rẹ̀ ni ò fẹ́ ariwo."

"Ṣé ẹ̀rọ ló máa wá ṣe àmín? Mi ò lè máa dá sọ̀rọ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú."

Ẹ̀rín pa mí débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo wá bẹ Màmá: tí wọ́n bá panu dé, èmi á ṣe àmín, tí mo bá ṣe tán, kí wọ́n tó tẹ̀síwájú. Wọ́n gbà. A sì ń gbà á fún ara wa bí ẹni méjì tó ń gúnyán nínú odó kan.

Kí n tó sùn, mo da gbogbo rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà, mo tún dà á sí ibòmíì, mi ò sì pa ohunkóhun rẹ́ lórí káàdì. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ yìí rí mọ̀ pé ọ̀kan lè bàjẹ́ láìròtẹ́lẹ̀.

Nílé, lọ́jọ́ Àìkú, mo gé ohùn mi kúrò níbi gbogbo. Ọwọ́ mi ti fẹ́ gé àwọn àlàfo tó ṣẹ́ kù náà, nítorí bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, kí fídíò má baà fà. Àmọ́ ojú Màmá ń bẹ nínú wọn, wọ́n ń dúró de èsì. Mo fi wọ́n sílẹ̀. Ìrìn àjò yẹn ló kọ́ mi pé kì í ṣe gbogbo àlàfo là ń gé.

Nírọ̀lẹ́, mo gbé kọ̀ǹpútà síwájú Àǹtí Afí lórí bẹ́ẹ̀dì wọn.

"Afí, ẹsẹ̀ rẹ á gbé ọ wá sílé wá bá mi," ni Màmá wí. Wọ́n dákẹ́, wọ́n sì tẹjú mọ́ wa.

"Àmín, Ìyá mi," ni Àǹtí Afí dáhùn.

Màmá mi orí, wọ́n sì tẹ̀síwájú.