Ohun Tí Mo Ní Kí Bàámi Má Sọ

Iṣẹ́ tí mo rí gbà ní Àjàó Estate, ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń ta ìpín ìdókòwò fún ará ìlú ni. Ẹ̀rọ kan ni wọ́n ní àwọn ṣe, tí wọ́n á dè mọ́ ara páìpù epo rọ̀bì, kí epo tó ki lè máa ṣàn gẹ̀rẹ̀, kí pọ́ǹpù tó ń tì í lọ má baà máa jẹ iná tó bó ṣe ń jẹ ẹ́. Ẹ wá wo ariwo lórí Wásáàpù! Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló fẹ́ ra ìpín. Èmi gan-an ń polówó ẹ̀ kiri bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é.

Nídìí pọ́ǹpù epo rọ̀bì ni Bàámi ti lo gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ wọn kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì sí Ìsọlọ̀. Mo mú ọ̀kan nínú ẹ̀rọ náà lọ bá wọn nílé. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ó lè ṣiṣẹ́ o. Àmọ́ mi ò tíì rí i lórí páìpù."

Ọ̀gá mi ní kí n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá bá àwọn tí wọ́n jọ fẹ̀yìn tì sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo ní, "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ti páìpù yẹn kún un. Àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi níbi iṣẹ́ ni?"

Wọ́n ní, "Ṣé bó o ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Lọ́jọ́ náà, wọ́n dìde, wọ́n ní, "Ó lè ṣiṣẹ́," wọ́n sì jókòó. Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Gbogbo wọn mọ̀ pé Bàámi kì í parọ́, ni wọ́n bá kó owó ìfẹ̀yìntì wọn lé e.

Nígbà tí wọ́n wá de ẹ̀rọ náà mọ́ páìpù, epo ki bó ṣe ń ki, pọ́ǹpù ń jẹ iná bó ṣe ń jẹ ẹ́. Ilé-iṣẹ́ kógbá wọlé. Ọ̀gá mi di àwátì.

Bàámi bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀. Háà! Bàbá arúgbó, fún àwọn tí wọ́n jù lọ́jọ́ orí! Àwọn kan sáré gbé wọn dìde. Àwọn mìíràn jẹ́ kí wọ́n pẹ́ nílẹ̀. Èmi ni mò ń tẹ̀ lé wọn, tí mò ń bá wọn di fìlà mú.

Ilé tó kẹ́yìn wà ní Apákun, ilé opó ọ̀rẹ́ wọn kan. Owó tí ọkọ fi sílẹ̀ ni obìnrin náà kó wá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí i lórí páìpù kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀?"

"Mi ò rí i."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wa?"

Bàámi dákẹ́, wọ́n ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yìn wọn gan-an ni mo dúró sí, fìlà lọ́wọ́ mi. Wọn ò bojú wẹ̀yìn. Èmi náà ò la ẹnu. Obìnrin náà wọlé, ó tilẹ̀kùn.

Bàámi ti kú báyìí. Lọ́jọ́ tá a sin wọ́n, kò sẹ́ni tó jókòó sórí àga tá a tò fáwọn ẹgbẹ́ wọn. Ó dùn mí wọra, ojú ara mi ń tì mí. Títí dòní, àwọn èèyàn yẹn gbà pé Bàámi ló tan àwọn, mi ò sì tíì lọ sọ fún ẹnì kankan nínú wọn.