Oògùn Tó Mú Ìyá Mi Sanra

Orúnkún ló kọ́kọ́ ń dun ìyá mi. Kò lè kúnlẹ̀ mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó ń lọ ní Ìgàndò, bẹ́ẹ̀ lójú tirẹ̀, ẹni tó gbàdúrà láìkúnlẹ̀ kàn ń bá Ọlọ́run tàkúrọ̀sọ ni. Èmi ni mo lọ sí kẹ́míìsì kan ní Ìkòtún. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ṣa oríṣi hóró oògùn mẹ́rin jọ sínú ọ̀rá kékeré, kò kọ orúkọ kankan sí i. Ó ní, "Kí màmá máa lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́."

Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ìyá mi kúnlẹ̀. Oúnjẹ wá ń wù ú jẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ, ojú rẹ̀ rí rìbìtì. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń kí mi, "Ẹ kú ìtọ́jú màmá o! Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń dán ni?" Orí mi wú. Bí ọ̀rá kan bá ti fẹ́ tán, mo ti lọ gba òmíràn. A ṣe bẹ́ẹ̀ fún odidi ọdún kan.

Nígbà tí ahọ́n rẹ̀ funfun, ẹ̀rín ló fi ṣe. "Ahọ́n mi náà ti wọ sùtánà jàre." Nígbà tó yá, ẹ̀kọ mímu pàápàá ò gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá mọ́.

Dókítà obìnrin tó rí wa ní ọsibítù pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní nǹkan funfun orí ahọ́n yẹn, ẹbí ohun tó ń mú búrẹ́dì bu ni. Kò sẹ́ni tó kó o ràn án. Ẹnu gbogbo wa ló ń gbé, àwọn ọmọ ogun inú ara ló ń ṣọ́ ọ kó má kọjá àyè rẹ̀. Ọ̀kan nínú oríṣi hóró mẹ́rin yẹn ti kun àwọn ọmọ ogun náà lóorun. Sísanra tí gbogbo wa ń yìn, wíwú ni. Nǹkan náà sì ti wọ ẹ̀jẹ̀ báyìí.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Inú bí mi sí ọkùnrin kẹ́míìsì yẹn, àmọ́ ta ló ń sáré lọ bá a? Mo pinnu pé màá jẹ́wọ́ fún ìyá mi, kí n bẹ̀ ẹ́ kó dárí jì mí kí ó tó pẹ́ jù.

Mo jókòó tì í. Kí n tó la ẹnu, dókítà wọlé. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú, agbára káká ni ohùn rẹ̀ fi jáde.

"Dókítà, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yìí. Kò jẹ́ kí oògùn mi tán rí, ọjọ́ kan ṣoṣo."

Dókítà wolẹ̀. Mo ní, "Ẹ máa sinmi, màmá."

Ọjọ́ kẹta ló kú, àdúrà fún mi ló wà lẹ́nu rẹ̀.