Ògiri Tí Ẹ̀rọ Mọ fún Ìyá Mi

Ìjì òjò kan ló wó ilé ìyá mi ní Ìgbòho. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, màmá sì ti lọ sí mọ́ṣáláṣí; ohun tó kó o yọ nìyẹn. Nígbà tí mo dé láti Ṣakí, mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri alámọ̀ tó ti di òkìtì, ó ń ṣa àgbàdo rẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

"Alhamdulilahi," ó ní. "Àgbàdo là ń ṣà, kì í ṣe èèyàn."

Agbára mi kò gbé ilé oníbúlọ́ọ̀kù. Ẹnjinníà tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ní Ṣakí ló ní kí n fọkàn balẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ kan tí kọ̀ǹpútà ń darí, tó ń fún sìmẹ́ǹtì pípò jáde ní ìpele-ìpele títí tí yóò fi di ògiri. Inú ọgbà rẹ̀ ni yóò ti mọ àwọn ògiri náà, a ó wá fi ọkọ̀ kó wọn lọ tò ní Ìgbòho. Ilé ìyá mi ló fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Mo mú màmá wá wò ó. Ògiri àkọ́kọ́ kò ju ìpele mẹ́fà lọ tó fi ya lulẹ̀. Ìyá mi tẹ ìdí rẹ̀ wò.

"Ọ̀gá ọmọ mi, ẹ má bínú o. Ilé alámọ̀ ni bàbá mi ń mọ, èmi ni mo máa ń pọn omi fún un. Ẹ̀rọ yín ń kánjú. Ìpele kan gbọ́dọ̀ le díẹ̀ kí òmíràn tó gùn ún."

Ẹnjinníà lóṣòó tì í. "Màmá, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ó ti le tó?"

"Bí àtàǹpàkò bá rì sínú rẹ̀, kò tíì yá. Bó bá kàn ṣe àmì lásán, ẹ máa bá a lọ."

Ẹnjinníà dín omi inú sìmẹ́ǹtì náà kù, ó sì ṣètò kí ẹ̀rọ máa dúró díẹ̀ lẹ́yìn ìpele kọ̀ọ̀kan. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni màmá fi wà lọ́dọ̀ mi. "Màmá, ẹ wá bá wa tẹ̀ ẹ́ wò," ni ẹnjinníà ń pè é ṣáá. Kò sí ògiri tó tún ya.

Lọ́jọ́ tí a kan páànù tán ní Ìgbòho, ìyá mi gún iyán fún gbogbo òṣìṣẹ́. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́, ẹnjinníà dì mí mú.

"Màmá ni kó o kí," ó ní.

Àwọn méjèèjì ni mo kí. Mo ṣì ń kí wọn títí dòní.