Fóònù Inú Yàrá Òfìfo

Ní iléeṣẹ́ tó ń fi ilé háyà ní Llanerfyn, òfin Wales ní ẹni tó bá tẹ ejì lórí fóònù gbọ́dọ̀ rí ẹni tí yóò bá a sọ Welsh, èdè ìbílẹ̀ ibẹ̀. Hartnell, ọ̀gá ibẹ̀, gbé fóònù tó ń dún fún ejì sí yàrá òfìfo, ó ní òun ti pa òfin mọ́. Nígbà tí ẹ̀rọ amúlégbóná kú nílé ìyá Heulwen, ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé wọn, ogbó ti gba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu ìyá náà. Ó tẹ ejì títí. Òtútù ló pa á.

Heulwen sin ín tán, ó lọ wáṣẹ́ síbẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń rẹ́rìn-ín sí Hartnell. Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Ọjọ́ tí wọ́n fi í ṣe alábòójútó èdè, ìgbìmọ̀ iléeṣẹ́ fọwọ́ sí i pé kí Hartnell fúnra rẹ̀ máa gbé ejì, ó gbé fóònù náà lé tábìlì rẹ̀.

Ó dún. Hartnell gbé e, òógùn bò ó. "Heulwen, jọ̀ọ́, gbà mí! Mi ò gbọ́ nǹkan tí ìyá yìí ń sọ!"

Heulwen rọra mu tíì rẹ̀. "Àbúrò màmá mi ni, ọ̀gá. Nǹkan kan ò ṣe é. Àràárọ̀ ni yóò máa pè yín, títí ẹ ó fi gbọ́."