Àgbọn Tí Mo Gbé Símú Lórí Òkè

Mo rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ gun òkè láyé mi. Íńdíà ni mo ti ń kàwé nígbà náà, ọ̀rẹ́ mi kan sì mú mi lọ sí abúlé wọn, níbi tí tẹ́ńpìlì Híńdù kan wà téńté lórí òkè, tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí baba ńlá wọn. Èmi ọmọ Àgbádárìgì, tí mi ò mọ òkè ju gegele yanrìn lọ, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn ìyá ọ̀rẹ́ mi. Màmá yìí ò wọ bàtà, wọn ò sì tíì fẹnu kan omi láti àárọ̀. Ọkọ wọn ń ṣàìsàn. Wọ́n ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn fúnra àwọn ni yóò fẹsẹ̀ gbé àgbọn lọ fún òrìṣà kí ara bàbá náà lè yá.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n na àgbọn náà sí mi kí n bá wọn dì í mú, wọ́n fẹ́ ṣanwọ́. Àgbọn kẹ̀! Ta ni yóò fi àgbọn han ọmọ Aradagun, ìlú àgbọn ní Àgbádárìgì? Nílé wa, a kì í gba àgbọn láìyẹ̀ ẹ́ wò. Mo mì ín létí, mo gbọ́ omi. Mo gbé ojú rẹ̀ símú, mo fa òórùn rẹ̀ dáadáa, mo wá mirí bí ọ̀gá pé ó dára.

Ọ̀rẹ́ mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"A kì í gbóòórùn ohun tí a fẹ́ fún òrìṣà. O ti jẹ ẹ́ ṣáájú rẹ̀ nìyẹn."

Ìsàlẹ̀ òkè ni wọ́n ti ń ta àgbọn. Mo ní kí n sáré lọ ra òmíràn, ó ní ẹ̀jẹ́ ìyá òun ò gba aṣojú. Màmá ò bínú. Wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n tún fẹsẹ̀ lásán sọ̀ kalẹ̀ lọ ra òmíràn. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Tèmi tún kan imú. Ojú tì mí débi pé n kò lè wo ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo pe ìyá mi lórí fóònù, wọ́n kígbe:

"Yéè! Ta ló bi ẹ́? Ṣé wọ́n ní kó o wá rà á ni?"

Ìrọ̀lẹ́ ni màmá padà gòkè dé. Àwòrò fọ́ àgbọn tuntun náà, èmi ni wọ́n sì kọ́kọ́ fún lára rẹ̀.

Bàbá náà kò rí ọdún tó tẹ̀ lé e. Kì í ṣe àgbọn ló pa á, mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi. Títí dòní, kò sẹ́nì kan nínú ilé wọn tó mẹ́nu kan ọjọ́ náà. Bí mo bá pe màmá, wọn á bi mí bóyá mo ti jẹun. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.