Ọ̀gbọ̀ Tó Wà Nínú Kọ́là

Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ní Houston ló máa ń sọ pé Mọ́pẹ́ Adéògún ń tún aṣọ ṣe. Kò tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò, tó sì ń pààrọ̀ síìpù, là ń sọ ìyẹn fún. Mọ́pẹ́ ń ṣe iṣẹ́ yẹn náà, ṣùgbọ́n aránṣọ gidi ni, ẹni tó lè rán kóòtù ọkùnrin láti orí gígé aṣọ títí dé bọ́tìnnì tó kẹ́yìn. Ìjẹ̀bú-Igbó ló ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, nígbà tí àwọn ará àdúgbò ń bi ọkùnrin náà pé ṣé kò rí ọmọkùnrin tí yóò kọ́ níṣẹ́ ni. Á yíjú sí Mọ́pẹ́, á ní kó tú kọ́là tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán, kó tún un rán. Kì í sọ ohun tó burú nínú rẹ̀. Mọ́pẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò wá a rí.

Ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta báyìí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìlú, láàárín ilé ìfọṣọ kan àti ibi tí wọ́n ti ń ta awò ojú. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń gbé ṣòkòtò mi lọ bá a, n kò sì tíì rí ìlà rírán rẹ̀ kan tó wọ́. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe. Mo máa ń wo ìlà.

Àwọn Júù tó ń gbé nítòsí ibẹ̀ pọ̀ nínú àwọn oníbàárà rẹ̀, àwọn tí ẹ máa ń rí ní Sátidé tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí sínágọ́gù pẹ̀lú ọmọ wọn, láìgun mọ́tò. Mr. Adler ló kọ́kọ́ wá. Apòògùn tó ti fẹ̀yìn tì ni, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ló gbé aṣọ irun àgùntàn kan wá, ó ní kí Mọ́pẹ́ fi rán kóòtù fún òun. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń bá ara wọn sọ, èmi ni mo tú u sí Yorùbá níbí.

"Ṣé ọ̀gbọ̀ kankan máa wà nínú rẹ̀?" ni ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi í.

"Rárá o. Kí ló dé?"

"Òfin wa ni. Irun àgùntàn àti ọ̀gbọ̀ kò gbọdọ̀ pàdé nínú aṣọ kan."

"Kí nìdí?"

"Wọn kò sọ fún wa."

Mọ́pẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin àti bàbá mi ìbá mọwọ́ ara yín."

Nígbà tó rán kóòtù náà tán, Mr. Adler gbé e lọ fún ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa yọ fọ́nrán láti inú aṣọ lọ, kó sì fi ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó. Ó mọ́. Ó gbé ẹlẹ́ẹ̀kejì lọ, ìyẹn náà mọ́, kò sí ọ̀gbọ̀ níbẹ̀. Ó wá sọ fún Mọ́pẹ́ pé bó bá ti jẹ́ ohun kan náà ló ń lò, tó sì ń rà á níbì kan náà, òun kò ní máa gbé e lọ mọ́. "Ṣùgbọ́n bí o bá yí ohunkóhun padà, kékeré tàbí ńlá, kí o sọ fún mi."

Mọ́pẹ́ ní òun yóò sọ. Ẹ fi ìlérí yẹn sọ́kàn.

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, bàbá Mọ́pẹ́ kú. Ó lọ sílé lọ sin ín. Nígbà tó ń padà, ohun kan ṣoṣo tó mú nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ni ìdì aṣọ funfun kan, líle, tí ọkùnrin náà máa ń gé pélébé sábẹ́ kọ́là kó lè jókòó dáadáa sí ọrùn. Gbogbo ẹni tó bá mọ iṣẹ́ bàbá náà ló mọ̀ pé kọ́là rẹ̀ kì í gbéra. Láti ọjọ́ yẹn ni Mọ́pẹ́ ti ń fi èyí tó gùn tó ìka ọwọ́ sínú gbogbo kóòtù tó bá rán. Kò rò ó pé òun yí nǹkan kan padà. Lójú tirẹ̀, ṣe ló padà sí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Kò sì bi ara rẹ̀ rí pé irú aṣọ wo ni. Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ kò sọ.

Ní Ọjọ́rú kan nínú oṣù kejì ọdún yìí, ó gé èyí tó kù lára ìdì náà, ó wá kan páálí tí wọ́n wé e mọ́. Bébà kékeré kan lẹ̀ mọ́ páálí náà, èyí tí iléeṣẹ́ tó hun aṣọ náà lẹ̀ mọ́ ọn láti òkè òkun kó tó dé Ìjẹ̀bú. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ketekete pé ọ̀gbọ̀ ni, kò sí àdàlù.

Mọ́pẹ́ jókòó. Kóòtù Justin, ọmọ ọmọ Mr. Adler, ń fì lórí irin lókè orí rẹ̀. Wọ́n ti lọ̀ ọ́, ó ti parí. Ọjọ́ Sunday ni ìgbéyàwó Justin. Nígbà tó ka àwọn tó ti rán láti ìgbà tó ti dé láti Ìjẹ̀bú, kóòtù mọ́kànlá ló jẹ́ ti àwọn Júù, nínú ìdílé méje, ti Justin yìí náà wà lára rẹ̀. Mẹ́ta nínú rẹ̀ jẹ́ ti Mr. Adler.

Ẹ̀bùn, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ ẹnjiníà ní Deer Park, yà síbẹ̀ nígbà tó ṣíwọ́ iṣẹ́. Houston ni wọ́n bí i sí.

"Mọ́mì, what's the problem? Ẹ kàn tú ti Justin, ẹ fi òmíràn sí i."

"Mẹ́wàá tó kù ńkọ́?"

"Ẹ pè wọ́n pé ẹ fẹ́ bá wọn lọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Tí wọ́n bá ti gbé e wá, ẹ yọ ọ́, ẹ dá a padà. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi."

"Ẹ̀yin nìkan kọ́. Èmi náà ti mọ̀ báyìí, and I'm not telling anybody."

"Òmùgọ̀ ọmọ," ni Mọ́pẹ́ wí, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ló pè mí lórí fóònù. Ohun tí Ẹ̀bùn sọ ni èmi náà sọ, àfi pé gbólóhùn tèmi gùn ju tirẹ̀ lọ. Mo ní ẹni tí kò mọ̀ kò jẹ̀bi. Mo ní Mr. Adler ti dàgbà, kò yẹ ká gbé ẹrù ọdún mẹ́rin ka orí rẹ̀. Mo ní bó bá lọ pariwo ara rẹ̀, àwọn oníbàárà wọ̀nyẹn yóò fọ́n ká, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló gbé ṣọ́ọ̀bù náà ró.

Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. "Tíṣà, bí ọmọ iléèwé yín bá ṣi ìṣirò ṣe nínú ìdánwò, tí ẹ kò sì rí i, ṣé ó ti gbà á nìyẹn?"

"Ìyá Ẹ̀bùn, ìyẹn yàtọ̀."

"Ibo ló ti yàtọ̀?"

Mo ní kó jẹ́ kí n parí oúnjẹ mi.

Ní Ọjọ́bọ̀, Mọ́pẹ́ lọ sílé Mr. Adler. Kò bá a nílé. Ibi tó ti rí i ni iwájú ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì kan, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n dúró nínú oòrùn. Atẹ́gùn àríwá ti dé láti àná rẹ̀, òtútù sì mú. Kóòtù aláwọ̀ eérú tí Mọ́pẹ́ rán ló wà lọ́rùn ọkùnrin náà.

"Ẹ wò ó, òun nìyí!" Ó yí ẹ̀yìn sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè rí kọ́là náà. "Òun ló rán an. Ẹ wo bó ṣe jókòó!"

"Aṣọ náà dára," ni ọ̀kan nínú wọn fèsì. "Ọrùn tó wà nínú rẹ̀ ló ku ká pààrọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mọ́pẹ́ kò lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mr. Adler, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sínú mọ́tò mi."

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé Justin ti tún sanra ni?"

"Rárá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọ mọ́tò."

Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀. "Sọ ọ́ níbí."

Mọ́pẹ́ sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ọ̀gbọ̀ wà nínú kọ́là tó wà lọ́rùn yín yìí. Èmi ni mo fi sí i. N kò mọ̀ pé ọ̀gbọ̀ ni, ṣùgbọ́n mo ṣèlérí pé bí mo bá yí nǹkan padà màá sọ fún yín, n kò sì sọ."

Kó tó sọ èyí tó kẹ́yìn tán, apá ọ̀tún Mr. Adler ti jáde nínú kóòtù. Kò bèèrè bó ṣe jẹ́. Kò wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá èèyàn ń kọjá, àwọn èèyàn sì ń kọjá. Ó bọ́ ọ sílẹ̀ pátápátá, ó dúró nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, okùn wajawaja tí òfin wọn ní kí ọkùnrin máa so mọ́ aṣọ ń fì ní ìdí rẹ̀, ó sì ń ká kóòtù náà. Ẹni tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan ń wo ilẹ̀.

Mọ́pẹ́ yọ ìborùn rẹ̀ tó jẹ́ àwọ̀ àlùkò, ó nà án sí i.

"Kí ni wọ́n fi ṣe é?" ni ọkùnrin náà bèèrè.

Mọ́pẹ́ wá àkọlé tó wà létí rẹ̀, ó kà á sókè. Kò sí ọ̀gbọ̀ níbẹ̀, kò sí irun àgùntàn. Kẹ́míkà ni iléeṣẹ́ fi po gbogbo fọ́nrán rẹ̀.

"Ó dára," ni Mr. Adler wí, ó sì fi ìborùn obìnrin bo èjìká rẹ̀.

Inú mọ́tò ni Mọ́pẹ́ ti sọ fún un pé kó dárí ji òun tí òun dójú tì í láwùjọ.

"Bí mo bá rí i lára mi ní ọjà, ọjà ni mo gbọ́dọ̀ bọ́ ọ sí," ni èsì rẹ̀. "Ìtìjú tèmi kò tó nǹkan níwájú Ọlọ́run. Àríyànjiyàn ò sí nípa ìyẹn. Ẹni tó bá rí i lára ẹlòmíràn ni àwọn olùkọ́ wa ń jiyàn lé lórí. Àwọn kan ní kó sọ fún un lójú ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn ní bí onítọ̀hún kò bá mọ̀, kí ó dákẹ́ títí yóò fi délé, nítorí pé iyì ọmọ èèyàn náà wúwo."

"Èwo lẹ gbà?"

"Títí di òwúrọ̀ yìí, ti àkọ́kọ́." Ó fa ìborùn náà mọ́ra. "Ìwọ fẹ́ mú mi wọ mọ́tò. Ta ló kọ́ ọ ní ti ẹlẹ́ẹ̀kejì?"

Ní ṣọ́ọ̀bù, Mọ́pẹ́ tú kọ́là kóòtù Justin lójú rẹ̀. Ó fa aṣọ funfun náà yọ, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́. Mr. Adler fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò.

"Aṣọ gidi ni. Ọ̀gbọ̀ kò burú. Irun àgùntàn kò burú."

"Kí ló wá burú?"

"Kí wọ́n wà pọ̀. Má tún bi mí pé kí nìdí." Ó dá a padà fún un. "Níbo lo ti rí i?"

Mọ́pẹ́ sọ fún un nípa ìdì aṣọ náà, àti ọkùnrin tó ni ín, àti ìsìnkú.

"Nítorí náà, bàbá rẹ ló wà lọ́rùn mi láti ọdún mẹ́rin."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó rọrùn láti gbé." Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó dun Mọ́pẹ́ jù. "Láti òní lọ, gbogbo ohun tí o bá rán fún wa yóò máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo rẹ̀. Láìyọ ọ̀kan sílẹ̀."

"Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni mo wá sọ fún yín!"

"Ìdí nìyẹn tí n óò ṣì máa gbé aṣọ wá. Òtítọ́ rẹ kò sọ fọ́nrán di òmíràn."

Inú bí Mọ́pẹ́. Kò pa á mọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó wọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, kí Sábáàtì wọn tó bẹ̀rẹ̀, ó ti dé ilé ìdílé mẹ́fà tó kù, ó sì sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ó lọ títí dé Fulshear lẹ́yìn ìlú, nítorí pé ìdílé kan ti kó lọ síbẹ̀. Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò wọ kóòtù náà rí, ó fún òun lọ́rùn. Obìnrin kan sunkún, torí kóòtù yẹn ni ọkọ rẹ̀ wọ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọmọ wọn lórúkọ. Obìnrin mìíràn sọ ọ̀rọ̀ kan tí Mọ́pẹ́ kò tíì sọ fún mi títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí. Ìdílé méjì kò padà wá mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ti Justin kọ́ ló jẹ́ ìṣòro. Aṣọ òwú ni Mọ́pẹ́ fi rọ́pò ọ̀gbọ̀ nínú kọ́là rẹ̀, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò sì fọwọ́ sí i ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì.

Ní Sunday, Mọ́pẹ́ àti Ẹ̀bùn jókòó sí apá àwọn obìnrin. Justin dúró lábẹ́ àtíbàbà ìgbéyàwó, Mr. Adler dúró tì í nínú kóòtù àtijọ́ kan tó rà nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ṣì wà láyé. Wọ́n gbé ife wáìnì fún ọkọ ìyàwó. Ó tẹ orí ba láti mu ún, kọ́là náà sì gbéra lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, ó tó fífẹ̀ hóró ìrẹsì kan, ó tún jókòó padà.

"Mọ́mì, ó fine gan-an," ni Ẹ̀bùn sọ sí i létí.

"Ó ń gbéra lẹ́yìn."

"Níbo? Mi ò rí nǹkan kan."

"Kò sí ẹni tó máa rí i."

Abẹ́rẹ́ àti òwú wà nínú báàgì rẹ̀, ó mọ ibi tí òun lè gún abẹ́rẹ́ sí lẹ́ẹ̀mẹta péré láti tún un ṣe, ó sì tún mọ̀ pé yóò gbéra padà kí wọ́n tó jó tán, nítorí pé ọ̀gbọ̀ bàbá rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí kì í jẹ́ kó gbéra, wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ nílé. Ó pa báàgì náà dé. Ó káwọ́ lé itan, ó sì ń wo kọ́là náà bó ṣe ń gbéra, tó ń jókòó, títí tí Justin fi fi ẹsẹ̀ fọ́ gíláàsì bí àṣà ìgbéyàwó wọn, tí gbogbo èèyàn sì hó.